Ọkọ̀ Ìdíje Tó Wọ Gáréèjì Kàbbà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo wa tí a ń ka ìwé yìí, ta ló ti wọ ọkọ̀ ìdíje rí? Mi ò sọ ti orí tẹlifíṣọ̀n o. Mi ò sì sọ ti géèmù tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ọkọ̀ ìdíje gidi ni mò ń wí, irú èyí tí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ níṣojú gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kò sí. Ó wà! Bí ẹ bá ti wọ Pijó 504 ní gáréèjì Kàbbà lọ sí Lọ́kọ́jà, Ìlọrin tàbí Èkó rí, ẹ ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ̀yin ò bá sì bá a láyé, àwọn òbí yín bá a.

Ìtàn ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ: bó ṣe jẹ́ ọkọ̀ ìdíje lọ́wọ́ àwọn kan, tó jẹ́ ọkọ̀ èrò lọ́wọ́ tiwa, àti ohun kan tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje kọ́, tí àwa ò kọ́. Ohun náà ti pa èèyàn púpọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pẹpẹ. Ọdún 1968 ni iléeṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde. Nígbà tó di 1969, wọ́n fún un ní oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ lọ́dún náà ní Yúróòpù. Oyè yẹn dára, àmọ́ ibi tí 504 ti gba orúkọ ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ojú ọ̀nà eléruku.

Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní Safari Rally. Ọdún 1953 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ṣe àjọyọ̀ ìgbadé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Nínú rálì, wọn kì í tú gbogbo ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n máa lé ara wọn bí ẹlẹ́ṣin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ, aago ni wọ́n sì ń bá díje, láti ìlú kan dé èkejì. Ojú ọ̀nà tí màlúù àti ará oko ń rìn náà ni wọ́n ń gbà. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, mọ́tò olówó ńlá á rì síbẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀. Ní 1963, ọkọ̀ méje péré ló parí eré náà. Pijó 404, ẹ̀gbọ́n 504, ló gba ipò kìíní. Ní 1968, méje náà ló tún parí, 404 ló tún gbà á. Nígbà tó di 1975, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba Safari. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ Faransé, fi 504 onílẹ̀kùn méjì gbà á.

Kó má baà dà bíi pé ọ̀rọ̀ ibi jíjìn ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí. Ní Côte d'Ivoire, wọ́n ní rálì tiwọn, tí wọ́n fi orúkọ odò Bandama pè. Ní 1972, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ di ìtàn: kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí eré náà. Ọ̀nà le, aago tí wọ́n fún wọn ò bá ọ̀nà náà mu, gbogbo wọn pátá ló já sọ́nà. Kò sí ẹni kìíní, kò sí ẹni ìkẹyìn. Ní 1978, ọdún tó gba Safari, Nicolas kan náà gbé 504 wá sí Côte d'Ivoire, ó sì tún gbà á.

Kí ni 504 ní tí àwọn mìíràn ò ní? Ó ga kúrò nílẹ̀, kòtò ò tètè bá ikùn rẹ̀. Sípíríìngì rẹ̀ rọ̀, ó sì ń gba ìjàǹbá ọ̀nà mọ́ra. Inú rẹ̀ ò díjú, mẹkáníìkì tó ní sípánà àti òòlù lè tú u kó sì tò ó padà lábẹ́ igi. Ohun tó jẹ́ kó gbayì nínú rálì náà ló jẹ́ kó gbayì ní gáréèjì.

Ọdún 1975 tí Andersson gba Safari yẹn náà ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná, tí wọ́n ti ń to 504 pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Pijó ṣe wọ ìlú. Ọ̀gá ìjọba ń gun ti ìjókòó márùn-ún. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tí a ń pè ní stéṣọ̀n wágọ̀n, ló di ti èrò: méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú, ẹrù lórí, ewúrẹ́ pàápàá lè wà ní bùútù.

Ẹ sì wo ibi tí Kàbbà wà. Oríta ni ìlú wa. Ọ̀nà kan lọ sí Lọ́kọ́jà, ó gba Ọbajánà kọjá. Ọ̀kan lọ sí Òkèné. Ọ̀kan lọ sí Èkìtì, ó gba Ìyàmoyè bọ́ sí Òmùò. Ọ̀kan gba Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Ẹ má gbàgbé pé láti 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ títí di oṣù kẹjọ 1991 tí Kogí jáde, Ìlọrin ni olú-ìlú wa. Gbogbo ìwé tí ọmọ Okun bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba, ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ o, ìwé owó ìfẹ̀yìntì o, ibẹ̀ ló ti máa gbà á. Ọ̀nà jìn, ọ́fíìsì sì ń tì ní ọ̀sán. Ẹni tó bá kúrò ní Kàbbà lójúmọ́ fẹ́ dé kí ọ̀gá tó lọ sílé. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tó wa Pijó nígbà náà. Bàbá Dírẹ́bà la ń pè é nínú agbo ilé wa títí dòní. Ó sọ fún mi pé èrò ló ń sọ dírẹ́bà di asáré. Tí èrò bá dé gáréèjì, wọn kì í bèèrè pé táyà ta ló dára. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Ta ló máa tètè gbé wa débẹ̀?" Bí ọkọ̀ bá ń fò, àwọn èrò á máa pọ́n dírẹ́bà lé: "Ọ̀gá o! Ọmọ Ògún! Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jàre!" Owó náà tún wà ńbẹ̀. Dírẹ́bà tó bá tètè lọ tó tètè bọ̀ lè rí èrò kó lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá rọra rìn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni tirẹ̀, owó epo, owó ẹgbẹ́ àti ti olówó ọkọ̀ á sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn ni gbogbo gáréèjì mọ̀ sí asáré. Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Ìlọrin, ó fẹ́ ọ́fátéèkì lọ́rì kan ní kọ́nà. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Èèyàn mẹ́jọ ló bá a lọ, abiyamọ kan wà nínú wọn. Bàbá Dírẹ́bà wà lára àwọn tó lọ kó wọn. Kò sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún mi, èmi náà ò sì bi í.

Láti ìgbà náà ló ti ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn èrò ṣe? Wọ́n sọ ọ́ ní Ìgbín. Bí ó bá kan ọkọ̀ tirẹ̀, àwọn kan á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dúró de ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ìlú kan náà tó sin òkú lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń sá fún dírẹ́bà tó ń rọra rìn!

Ibi tí mo ti wá lóye ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló dá owó jọ kó lọ wa ọkọ̀ ìdíje ní pápá eré-mọ́tò. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ á sanwó, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ asáré, á yí pápá po níwọ̀nba ìgbà tí owó rẹ̀ mọ, á sì lọ sílé láti máa ròyìn. Nínú fídíò náà, ọmọ wa dé akoto, ó fi bẹ́líìtì de ara rẹ̀ bí ẹrù, ọkọ̀ ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Dírẹ́bà wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ewúrẹ́ dà?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò rí ewúrẹ́, òun ò rí ọlọ́kadà, òun ò rí ìyá arúgbó tó ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, òun ò sì rí ọkọ̀ tó dojú kọ wọ́n. Gbogbo wọn ń lọ síbì kan náà ni.

A bá pè é lórí fóònù. "Okun o, Bàbá," ló fi kí i. Wọ́n kíra tán, Bàbá bi í pé, "Kí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ?"

"Bí wọ́n ṣe ń dúró ni, Bàbá."

Ó ní kí àwọn tó fọwọ́ kan ọkọ̀, wọ́n kó àwọn sínú yàrá kan, wọ́n kọ́ àwọn bí ọmọ iléèwé. Wọ́n kọ́ wọn ní ìtumọ̀ àsíá: bí wọ́n bá ju aláwọ̀ ìyeyè, ewu wà níwájú, rọra, bí wọ́n bá ju pupa, eré ti dúró. Olùkọ́ jókòó tì í nínú ọkọ̀. Wọ́n to àmì sí ojú pápá, èyí tó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ á ti kan bíréèkì kí kọ́nà tó dé. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní kọ́nà.

Bàbá Dírẹ́bà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Èmi, bí wọ́n ṣe ń lọ ni ọ̀gá mi kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá lọ wá ìdí tí àwọn òyìnbó fi kọ́ pápá. Ọgbọ́n kọ́ ni wọ́n bí mọ́ wọn o, ikú ló kọ́ wọn. Ní oṣù karùn-ún 1903, wọ́n ṣètò eré mọ́tò láti Paris lọ sí Madrid, ojú ọ̀nà gbogboogbò ni wọ́n gbà. Èrò ìwòran tú síta, wọ́n dúró sójú títì kí wọ́n lè rí i dáadáa. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa parí, ó kéré tán èèyàn mẹ́jọ ti bá a lọ, nínú awakọ̀ àti nínú òǹwòran. Marcel Renault, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá tó dá iléeṣẹ́ Renault sílẹ̀, wà lára àwọn tó kú. Ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n dá eré náà dúró ní Bordeaux, kò dé Madrid.

Ní Ìlú Ọba lásìkò yẹn, òfin ò gbà kí mọ́tò sá ju máìlì 20 ní wákàtí kan lọ. Ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Hugh Locke King wá lo ilẹ̀ ara rẹ̀ ní Surrey, ó kọ́ pápá kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Brooklands. Wọ́n ṣí i ní 1907. Ó wà lára àwọn pápá àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n kọ́ torí eré mọ́tò nìkan. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju pé wọ́n mú eré kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì fún un ní ilé tirẹ̀.

Síbẹ̀, pápá nìkan ò tó. Ní oṣù kẹfà 1955, ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ kan fò wọ àárín òǹwòran, ó lé ní 80 èèyàn tó kú. Orílẹ̀-èdè Switzerland tìtorí rẹ̀ ka eré mọ́tò ní pápá léèwọ̀. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri, wọ́n ń sún òǹwòran sẹ́yìn. Láàrin ọdún yẹn náà ni iléèwé ìwakọ̀ ìdíje bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ti Jim Russell bẹ̀rẹ̀ ní Snetterton ní 1957. Látọ̀dọ̀ irú iléèwé bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìbí ọmọ wa ti wá.

Nígbà tí wọ́n wá fi ògiri yí eré ká tán nílé tiwọn, wọ́n gbé èyí tí kò ní ògiri wá sọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 1978, Thierry Sabine tú àwọn ọkọ̀ àti alùpùpù sílẹ̀ ní Paris kí wọ́n sáré gba aṣálẹ̀ dé Dakar ní Senegal. Ọdọọdún ni wọ́n ń gba inú abúlé àwọn èèyàn kọjá. Àwọn ará abúlé kú, àwọn ọmọdé tó sáré jáde wá wòran kú. Sabine fúnra rẹ̀ kú nínú hẹlikópítà ní Mali ní oṣù kìíní 1986. Eré náà ò dúró. Nígbà tó di 2008 tí wọ́n rí i pé àwọn apániláyà lè pa àwọn asáré ní Mauritania, wọ́n fagi lé e, wọ́n kó o lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2009, ó sì ti wà ní Saudi Arabia láti 2020. Ẹ kíyè sí i: ikú ará abúlé kọ́ ló lé e lọ o.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọkọ̀ tó bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ojú tó rí ewúrẹ́, kí ọpọlọ tó rán ẹsẹ̀ sí bíréèkì, mítà 28 ti lọ, ọkọ̀ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára inú ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, ibi tí bíréèkì máa lò láti fi dá a dúró náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní ti kọ́nà, ìgbà tí ọ̀nà ṣì gún lo máa tẹ bíréèkì. Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́ nínú kọ́nà, iṣẹ́ méjì lo gbé fún táyà lẹ́ẹ̀kan náà, kó dúró kó sì tún yí. Ó lè ṣàì ṣe ìkankan. Ohun tí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Àwọn tó ń gbé wa lọ sílé lọ́dún Kérésì ńkọ́, ta ló kọ́ wọn?

Kì í ṣe pé ẹnì kan ò gbìyànjú nílẹ̀ yìí. Ní 1977, Wọlé Ṣóyínká kó ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jọ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, torí ìjàǹbá ọkọ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀. Òfin ní ọkọ̀ aládàáni ò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 100 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, takisí àti bọ́ọ̀sì ò sì gbọdọ̀ ju 90 lọ. Òfin wà. Ṣùgbọ́n FRSC ò lè jókòó sínú gbogbo ọkọ̀.

Pijó ti ń lọ, Sienna, Golf àti Hiace ti gbapò rẹ̀. Ọ̀nà náà ti yí padà. Ọ̀nà Ọbajánà sí Kàbbà, kìlómítà 43, ti di kọnkéré, ó dán, ó sì lágbára. Mo fẹ́ràn ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sẹ́bàá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wa lórí ọ̀kadà tí wọ́n dorí kodò, tí wọ́n ń bá ara wọn sáré láàrin tírélà sìmẹ́ńtì, láìdé akoto. Eré ń wù wọ́n, ó sì ń wu èmi náà. Eré ò burú. Ilé ni kò ní lọ́dọ̀ wa. Kyalami ní Gúúsù Áfíríkà, tí ìdíje Formula One wá sí gbẹ̀yìn ní 1993, jìnnà sí ọmọ Bùnú àti ọmọ Ìyàgbà ju ọ̀run lọ.

Títí ìjọba tàbí olówó kan fi máa fún eré ní ilé, àwa èrò ni ká di ẹni tó ń ju àsíá. Bí ẹ bá wọ gáréèjì ní òpin sáà yìí, ẹ wo táyà. Ẹ má bèèrè ẹni tó ń sáré jù. Bí dírẹ́bà bá fẹ́ ọ́fátéèkì ní kọ́nà, ẹ pariwo, kódà bí àwọn yòókù bá ń pè yín ní ojo. Bí wọ́n bá sì fi yín sínú ọkọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìgbín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, ẹ san owó rẹ̀ pé.

Ní Bandama lọ́dún 1972, kò sẹ́ni tó dé, kò sì sẹ́ni tó gba ẹ̀bùn. Síbẹ̀ àwọn tó já sọ́nà níbẹ̀ ní aago àti ọ̀gá eré láti bínú sí. Lójú ọ̀nà tiwa, àwọn tí ò dé ní ìyá tó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè wọ́n ni.

Ẹ kú ìrìn o. Okun o.